Wọ́n Fa Aago Sẹ́yìn, Mààmi Ò Fa Tiwọn

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú ọba, mo rò ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan pé Jésù ti dé, ó ti kó àwọn ẹni tirẹ̀ lọ, ó sì fi èmi nìkan sílẹ̀ ní Barking, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Aláṣọ funfun ni mí, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Aago mẹ́wàá ni ìsìn wa máa ń bẹ̀rẹ̀, èmi a sì ti dé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí n lè bá wọn to àga. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo dé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo ti wọ sùtánà mi láti ilé, mo ti bọ́ bàtà sínú báàgì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, mo wá dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tó tutù nini. Mo kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Aago mẹ́wàá lù lára aago ọwọ́ mi, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan obìnrin kan tí mo bú ní èdè Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì, tó rò pé mò ń kí òun, tó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Nígbà tó ṣe ni Ìyá Ìjọ yọ lókèèrè pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lò ń ṣe nínú òtútù láti àárọ̀? Àbí o ò tíì fa aago rẹ sẹ́yìn ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú Mà. Kí n fà á lọ síbo?"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé wọ́n fara ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ní ìlú yìí, tí òtútù bá ti ń sún mọ́lé ní ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n á fa aago gbogbo ìlú sẹ́yìn ní wákàtí kan, tó bá sì di ìparí oṣù kẹta, wọ́n á tún tì í síwájú. Fóònù mi ti mọ̀, ó ti yí tiẹ̀ padà láìsọ fún mi. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ tí mo rà ní ọjà Ìtòkú nílé ni èmi gbà gbọ́.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Mààmi lórí fóònù ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní, "Ta ló fún wọn láṣẹ?"

Mo ní, "Ìjọba ni, Mààmi."

Wọ́n ní, "Ṣé ìjọba ló ń yọ oòrùn ni?"



Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Mààmi ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tó fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá Àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ wa nílé, wọn kì í sì í fi wákàtí àdúrà ṣeré. Ti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe pẹ̀lú àwa ọmọ. Láti kékeré, ibi yòówù kí a ti máa ṣeré, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dún, a óò sáré wálé wá kúnlẹ̀. Nígbà tí mo wá rìnrìn àjò, wọ́n ní àyè mi kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Lójoojúmọ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pè mí. Àwọn ló gbọ́dọ̀ pè o, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní àwọn làwọn ń ṣáájú àdúrà, àwọn làwọn á sì máa pe ọmọ àwọn wá síbi rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Wọ́n á gbàdúrà, èmi á máa ṣe àmín, wọ́n á bi mí pé kí ni mo jẹ, a óò sì dágbére.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn jẹ́ fún mi. Yàrá kan ni mo gbà ní Becontree Heath, nínú ilé tí àwọn mẹ́rin mìíràn ń gbé, tí a kì í rí ara wa ju ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ. Nígbà mìíràn, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni tó máa pe orúkọ mi kó pè é dáadáa. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn Barking, lọ́nà odò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti tówẹ̀lì àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀. Ariwo ẹ̀rọ níbẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Torí náà, tí fóònù bá dún ní ìrọ̀lẹ́, tí Mààmi ní, "Ọmọ mi, kúnlẹ̀," ara mi á wálẹ̀. Mo ti di èèyàn padà nìyẹn.

Ní ìgbà ooru, aago Abẹ́òkúta àti ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù kì í yàtọ̀ rárá. Mẹ́fà wọn ni mẹ́fà mi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fa aago ìhín sẹ́yìn, mẹ́fà Mààmi ti di márùn-ún mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, inú bọ́ọ̀sì ni àdúrà máa ń bá mi, nítorí mẹ́rin ààbọ̀ la máa ń jáde níbi iṣẹ́. Mo máa ń fi ìborùn bo ẹnu, mo máa ń rọra ṣe àmín. Ọjọ́ kan ni Mààmi gbàdúrà kan tó wọ̀ mí lára, mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo pariwo pé, "Àmín ní agbára!" Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí dìde wẹ́rẹ́, ó lọ sókè bọ́ọ̀sì.

Bí mo ṣe di oníkẹ̀kẹ́ náà nìyí. Èmi àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Mariana, ọmọ ilẹ̀ Romania, la jọ máa ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Òun á di etí kan mú, èmi á di ìkejì, a ó fà á kó nà, a ó sì ká a pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá síbi iṣẹ́. Èmi tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì méjì, mo pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá wa Sharon sì kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mariana wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Kí lò ń dúró de bọ́ọ̀sì sí?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà yẹn o, mi ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi. Ní Sátidé mẹ́fà léraléra, Mariana mú mi lọ sí páàkì. Ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, ó ń sáré, ó ń bú mi ní èdè rẹ̀. Mo ṣubú sínú koríko, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀, mo gbá igi kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ gun tiẹ̀ kọjá lára mi, ó juwọ́ sí mi. Mo payín keke. Ní Sátidé kẹfà, mo ṣàdédé gbọ́ ohùn Mariana lọ́nà jíjìn, mo wá mọ̀ pé kò dì mí mú mọ́. Mo kígbe pé, "Olúwa ṣeun!" Gbogbo ajá tó wà ní páàkì náà ló dáhùn.

Nígbà tí mo sọ fún Mààmi, wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ ológeere? Ṣé búrẹ́dì lò ń kiri níbẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ìyàwó àbúrò mi tó ń bá wọn gbé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyàwó, fi yé mi pé Mààmi ti ròyìn fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn ń gun kẹ̀kẹ́ láàrin àwọn òyìnbó, àwọn òyìnbó sì ń yà fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn ìgbà ooru yẹn. Ogójì ìṣẹ́jú ni láti ibi iṣẹ́ dé ilé. Tí mo bá jáde ní mẹ́rin ààbọ̀, mo ti dé ilé ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá wẹ̀, màá jẹun, màá wé gèlè funfun, màá sì dúró de mẹ́fà Mààmi. Oòrùn á ṣì wà lójú fèrèsé. Mo rò pé mo ti mọ ìlú yìí.

Ìparí oṣù kẹwàá dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rí mi fi ṣẹ̀sín, mo fa aago ọwọ́ mi sẹ́yìn ní alẹ́ Sátidé bí ọmọ onílùú. Mo tilẹ̀ ra iná kẹ̀kẹ́, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ti iwájú funfun, mo dè é mọ́ ọn. Ti ẹ̀yìn pupa. Nínú ìjọ tiwa, a kì í lo pupa, a kì í lo dúdú. Mo yí iná pupa yẹn síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, mo ní màá kọ́kọ́ bi Ìyá Ìjọ. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo jù ú sísàlẹ̀ báàgì. Ẹ wo àìgbọ́n èèyàn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo jáde ní mẹ́rin ààbọ̀ bí ìṣe mi. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní ìwọ̀n àsìkò yẹn gan-an, ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ kedere. Ọ̀nà kan náà, aago kan náà, àwọn mọ́tò kan náà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, ilẹ̀ ti ṣú, kò sì sí awakọ̀ kankan tó rántí dẹ ẹsẹ̀. Gbogbo wọn ń sá eré ọjọ́ Ẹtì nínú òkùnkùn ọjọ́ Ajé. Mo ti rò ó dáadáa lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ aago yìí nìyẹn. Òkùnkùn tó bá rọra dé, ojú á bá a lò. Èyí dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra.

Mo fẹ́ yí ràǹdábáòtù kan ni fóònù dún nínú àpò àyà mi. Aago márùn-ún. Mẹ́fà Mààmi. Ó ti bọ́ lọ́kàn mi pátápátá pé Mààmi ò fa tiwọn.

Ẹni tó bá lárògún á ní kí n dúró, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tó gbé e. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rìnrìn àjò, mi ò jẹ́ kí ìpè yẹn dún lẹ́ẹ̀mẹta rí. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan yọ fóònù, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Mààmi." Táyà iwájú gbá etí kọ́ńkéré, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn fọn fèrè, ó tẹ bíréèkì tó dún bí ẹni ń ya páànù. Ìgbà tí mo gbójú sókè, imú ọkọ̀ náà kò jìnnà sí orí mi ju apá mi lọ.

Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mi ò rí ẹ! Mi ò rí ẹ rárá! Iná ẹ̀yìn rẹ dà?"

Mo tọ́ka sí báàgì mi. Ojú tì mí ju bí orúnkún ṣe ń dùn mí lọ.

Fóònù ti fọ́ yángá. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ pé kì í ṣe orí mi. Àfi nígbà tí mo fa ara mi délé tí mo fẹ́ wá ẹni yá mi ní fóònù, ni mo rí i pé mi ò mọ nọ́ńbà Mààmi lórí. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo sì ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó ṣubú. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé Mààmi gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ "Mààmi" lẹ́nu mi, wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀, wọ́n gbọ́ bíréèkì, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mariana bá mi fi káàdì síìmù mi sínú fóònù tiẹ̀ nígbà tí a jókòó mu tíì, àwọn nọ́ńbà mi jáde, mo sì pe ilé. Ìyàwó ló gbé e. Ó lọgun pé, "Yéè! Àǹtí mi! Ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ tún sọ̀rọ̀ kí n gbọ́!" Ó ń sunkún, ó ń sáré, mò ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Mààmi ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti àná, wọn ò jẹ, wọn ò mu.

Ó gbé fóònù sí wọn létí níbẹ̀, mo gbọ́ èémí wọn. Mo ní, "Mààmi, mo wà láàyè. Orúnkún ló kàn bó díẹ̀."

Wọ́n fi ohùn kékeré ní, "Èmi ni mo tì ọ́ lulẹ̀."

"Mààmi, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mo fi ọwọ́ kan gun kẹ̀kẹ́."

"Ta ló pe fóònù náà?"

"Ẹ̀yin ni, ṣùgbọ́n..."

Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n. Mi ò ní pè ọ́ ní aago mẹ́fà mọ́. Àfi tí mo bá mọ̀ dájú pé inú ilé lo wà, tí o ti bọ́ bàtà. Kì í ṣe ojú títì, kì í ṣe inú bọ́ọ̀sì."

Mo ní, "Ṣé kí a kúkú sún un sí aago méje tiyín? Mo ti délé nígbà yẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í sọ. Ohùn wọn le padà wẹ́rẹ́. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń kúnlẹ̀ ní aago mẹ́fà. Ṣé torí pé ìjọba tiyín fa aago, kí èmi náà wá fa ti Ọlọ́run?"

Bí wọ́n ṣe pa á nìyẹn. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Tí aago márùn-ún bá lù, fóònù tuntun tí mo rà á máa wò mí, kò ní dún. Tí èmi bá pè, Ìyàwó á ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mààmi ní àwọn ò ní gbé e. Wọ́n ní bóyá ẹ wà lójú ọ̀nà." Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀, ní ọ̀sán gangan. Mò ń dá kúnlẹ̀ ní yàrá mi, mò ń ṣe àmín sí àdúrà ara mi. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Oṣù kẹta ni aago tó máa padà bọ̀ sípò, oṣù márùn-ún gbáko. Ta ló lè tọrọ oṣù márùn-ún lọ́wọ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin?

Àwọn èèyàn á máa sọ pé ilé ni ibi tí èèyàn ti wá, tàbí ibi tí èèyàn ń sùn sí. Èmi ò mọ ìyẹn. Lọ́dún yẹn, mo rí i pé ilé mi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ó sì ti bọ́ sọnù sáàárín aago méjì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti di ẹni tó ń fọ aṣọ ní Barking lásán. Inú bí mi. Mo ní rárá o, èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí èmi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Ìjọ lórí ọ̀rọ̀ iná pupa. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fọwọ́ lérí. "Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní kí o dè é mọ́, ṣé kẹ̀kẹ́ náà ti ṣèrìbọmi ni? Dè é mọ́ ọn lónìí, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́!" Mo dè é mọ́ ọn níwájú wọn.

Lẹ́yìn náà, mo lọ bá Sharon nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀ dípò mẹ́jọ ààbọ̀, kí n sì máa jáde ní mẹ́ta ààbọ̀.

Ó ní, "Títí di ìgbà wo?"

Mo ní, "Títí aago á fi padà sí àyè rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àyè rẹ̀ ló wà báyìí. Ti ìgbà ooru ni wọ́n ń sún kúrò níbi tó yẹ."

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún ìyá mi."

Kò gbà. Ó ní tí òun bá ṣe é fún mi, gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ ẹ. Mo kúrò níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú sílẹ̀. Mo wá rí i pé aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni lọ́rì máa ń já aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á ṣílẹ̀kùn fún un, ẹrù á wà nílẹ̀ fún wákàtí méjì láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tí a bá wá dé ní mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, àwa tí ń ká aṣọ á sì dúró, a ó káwọ́ gbera.

Mo fi han Mariana. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun náà ti ṣubú ní ọdún tó kọjá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa aago, òun ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Àwa méjèèjì wọlé tọ Sharon lọ. Mo ní, "Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Tí àwọn yòókù bá dé ní mẹ́jọ ààbọ̀ tí wọn ò bá aṣọ fífọ̀ tó kún mẹ́ta nínú àwọn àpótí onítáyà tí a fi ń kó aṣọ, ẹ dá wa padà, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó wo èmi, ó wo Mariana, ó wo bí ẹrù ṣe wà nílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Ajé."

Òkùnkùn òwúrọ̀ náà wà, mi ò ní purọ́. Wákàtí tí wọ́n bá fún ọ ní ìhín, ọ̀hún ni wọ́n ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò tíì pọ̀ ní àsìkò yẹn, fóònù ò sì ní dún. Èmi àti Mariana pàdé ní ìkóríta, a wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yòò, òun ṣáájú, èmi tẹ̀lé e, iná pupa mi ń ṣẹ́jú lẹ́yìn. Ṣé ẹ mọ iye àpótí tí wọ́n bá nílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn? Mẹ́rin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́rin. Ní Ọjọ́rú, márùn-ún, Sharon sì wá dúró níwájú wọn, ó ń kà wọ́n bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Ó dáa. Títí di oṣù kẹta." Mo gbá Mariana mọ́ra, mo gbé e kúrò nílẹ̀. Nígbà òtútù tó tẹ̀lé e, àwa méje la ń bẹ̀rẹ̀ ní méje ààbọ̀, Sharon fúnra rẹ̀ ló sì ń pè é ní "aago Nàìjíríà". Ẹ gbọ́ o! Àwa tí gbogbo ayé ń fi ìpẹ́lẹ́yìn bú, ní Barking, aago Nàìjíríà ni ti ẹni tó fi wákàtí kan ṣáájú gbogbo èèyàn.

Ṣé ẹ rò pé Mààmi gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Rárá o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pe Ìyàwó kí aago márùn-ún tó lù, pé kó sọ fún wọn pé mo ti délé. Mààmi á ní, "Ohùn lásán nìyẹn. Ohùn náà ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn." Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ní, "Ìyàwó, gbé fóònù tó ń fi ojú hàn yẹn fún wọn, jọ̀ọ́."

Iwájú orí Mààmi ló kọ́kọ́ kún ojú fóònù, lẹ́yìn náà gèlè funfun, lẹ́yìn náà ojú kan ṣoṣo.

Wọ́n ní, "Níbo nìyẹn?"

"Yàrá mi ni, Mààmi. Bẹ́ẹ̀dì mi rèé. Ìkòkò mi rèé."

"Kí ló dé tí fèrèsé dúdú? Ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀!"

Mo ní, "Ó ti ṣú, Mààmi, ṣùgbọ́n inú ilé ló ṣú bá mi. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nígbà tí mo wọlé."

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

Mo gbé fóònù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró níbẹ̀, ó fara ti ògiri.

"Táyà rẹ̀ ń yí?"

"Kò yí, Mààmi."

"Fọwọ́ kàn án kí n rí i."

Mo fọwọ́ kan táyà. Ó tutù, ó dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Mo sọ fóònù kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ lásán. Mo yí àwọn ọmọ ìka mi fún wọn. Mo gbọ́ tí Ìyàwó ń pa ẹ̀rín mọ́nú lẹ́yìn wọn. Mààmi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi títí, wọ́n wo àpá orúnkún mi, wọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Pa á."

Mo ní, "Háà, Mààmi, kí ni mo tún ṣe?"

"Mo ní kí o pa á. Èmi ni màá pè."

Mo pa á. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, mo di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò pẹ́ rárá, ó dún, mo sì gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Mààmi ní, "Ọmọ mi, kúnlẹ̀. Aago mẹ́fà ti lù."

Mo wo aago ọwọ́ mi. Márùn-ún géérégé ni.

Mo ní, "Ó ti lù, Mààmi," mo sì kúnlẹ̀.